Ṣé kí wọ́n pààrọ̀ mọ́tò oníná yẹn ni? Ohun tí ìtàn sọ fún mi

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí. Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan síbí mọ́. Ìwé PhD ni o, kò jẹ́ kí èèyàn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ni irú ẹ̀ wà nílé wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, àti ọkọ wọn ní mọ́tò oníná kékeré kan. 2015 ni wọ́n ṣe é, ọwọ́ kejì ni wọ́n rà á. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rà á, tó bá gba iná kún, ó máa ń rin bíi máìlì 75. Ní báyìí, tí ojú ọjọ́ bá móoru, ó lè rin 60. Tí òtútù bá dé, 45 ni, kó o sì gbàdúrà sí i. Kò sí wàhálà kankan nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀, torí iléèwé àwọn ìbejì, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ò ju máìlì mẹ́wàá lọ lápapọ̀. Àmọ́ Bàbá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tuntun ní York. Leeds sí York, máìlì bíi 25 ni. Lálọ lábọ̀, 50. Ẹ ṣírò ó fúnra yín: nínú oṣù January, mọ́tò yìí á gbé wọn dé ibi iṣẹ́, kò ní gbé wọn padà délé.

Wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò. Ọmọkùnrin tó dá wọn lóhùn fún wọn ní tíì mu, ó yẹ mọ́tò wọn wò, ó ní òun á gba ti ọwọ́ wọn ní £1,500, òun á sì fún wọn ní tuntun kọ́rọ́kọ́rọ́, kí wọ́n máa san £289 lóṣù fún ọdún mẹ́rin. Ó ní jíjókòó sídìí mọ́tò 2015 láyé ìsinsìnyí dà bí ìgbà téèyàn ṣì ń lo fóònù onítẹ̀. Ọkàn Bàbá Ìbejì ti fà mọ́ ọn. Wọ́n tiẹ̀ ti ń fi fọ́tò mọ́tò náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àmọ́ Ìyá Ìbejì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Owó oògùn Màmá ńkọ́?" Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wa kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, oṣooṣù lowó ń lọ sílé, àwọn méjèèjì yìí náà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọjú sí mi nìyẹn. Bàbá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ tó o ti ń ka ìtàn láti ọdún yìí wá, kí ni ìtàn sọ nípa mọ́tò?" Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, sà." Ohun tí mo lọ kà, tí mo wá bá wọn sọ, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká mọ̀ ni pé mọ́tò oníná kì í ṣe ọmọ àná. Ní oṣù August 1897, wọ́n gbé takisí oníná jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Walter Bersey ni orúkọ ẹni tó ṣe é, ọmọ ọdún méjìlélógún péré sì ni nígbà yẹn. Takisí yẹn lè rin bíi máìlì 30 kó tó tún nílò iná. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé wọn kì í dá mọ́tò dúró kó máa gba iná. Wọ́n máa ń yọ bátìrì tó ti rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀ ni, wọ́n á ti èyí tó kún wọlé, ó tún di ìgboro. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí mọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí bátìrì. Àwa tá a ti lo ínfátà nílé mọ ìyẹn dáadáa: àpótí ínfátà wà níbẹ̀ digbí lára ògiri, bátìrì ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Àmọ́ takisí Bersey ò pẹ́. Ó wúwo jù, ìwúwo yẹn ń jẹ táyà, àtúnṣe ń jẹ owó. Nígbà tó fi máa di 1899, ó ti parí.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba wọn ka iye mọ́tò tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ní 1900, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4,192. Nínú ẹ̀, 1,681 ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, 1,575 jẹ́ oníná, àwọn tó ń lo bẹntiróò ò ju 936 lọ. Ẹ tún un kà o. Bẹntiróò ló gbẹ̀yìn! Ìdí ẹ̀ kò fara sin. Mọ́tò bẹntiróò ń pariwo, ó ń rùn, ó ń rú èéfín. Èyí tó burú jù ni pé kó tó ṣiṣẹ́, ẹ máa dúró síwájú ẹ̀, ẹ máa fi irin yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bí ọlọ́ta ṣe ń yí ẹ̀rọ ìlọta. Tí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin yẹn lè kán èèyàn lápá. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó fi ń ra oníná fún ìyàwó wọn. Clara, ìyàwó Henry Ford gan-an, ẹni tí ọkọ ẹ̀ kó mọ́tò bẹntiróò kún gbogbo ayé, Detroit Electric ló ń wà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ di orúkọ kan mú: Charles Kettering. Ẹlẹ́rọ ni, Dayton ní Ohio ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ṣe sítátà oníná fún Cadillac, ó sì jáde nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1912. Ẹ tẹ nǹkan kan, mọ́tò á ta. Kò sí irin mọ́, kò sí apá kíkán mọ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bátìrì àti mọ́tọ̀ iná kékeré ló wà nínú sítátà yẹn. Iná ni wọ́n fi pa mọ́tò oníná! Pẹ̀lú bí owó Model T Ford náà ṣe já wálẹ̀, láti $850 ní 1908 dé $260 ní 1925, kò sí bí oníná ṣe fẹ́ bá a du ú. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Detroit Electric fà á títí di 1939, lẹ́yìn náà ó kógbá sílé.

Mo ní kí Bàbá Ìbejì fi ọkàn sí sítátà yẹn. Mo ní, "Sà, ẹni tó bá pààrọ̀ mọ́tò ẹ̀ ní 1912 torí sítátà, ọlọ́gbọ́n ni." Ohun tuntun yẹn ṣe ohun tí ti tẹ́lẹ̀ ò lè ṣe láé. Ó yọ ewu kúrò, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ò lè wa mọ́tò tẹ́lẹ̀ lè wà á. Ìyẹn ni oríṣi tuntun kìíní.

Oríṣi kejì ńkọ́? Òun náà nítàn, orúkọ Kettering yìí kan náà sì wà nínú ẹ̀.

Láti 1908 di 1927 tí Ford fi ṣe Model T, mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù 15, ìrísí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn tó fẹ́ ra mọ́tò fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Ford ń tà fún. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1920 sókè, ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ti ní mọ́tò. Ta ni wọ́n tún fẹ́ tà á fún? Alfred Sloan, tó di olórí General Motors ní 1923, rí ìdáhùn. Nígbà tó wá kọ ìwé nípa iṣẹ́ ayé ẹ̀, ó ka ohun mẹ́rin tó yí ọjà mọ́tò padà: kí èèyàn máa san owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n gba mọ́tò àtijọ́ mọ́ owó tuntun, mọ́tò tó ní òrùlé, àti mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́dọọdún.

Ẹ wo ẹni kejì nínú mẹ́rin yẹn dáadáa. Gbígba mọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ oníbàárà kì í ṣe àánú. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò nídìí láti wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ tí ẹ bá sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ owó, pé ìlàjì ọ̀nà ló ti wà, ẹsẹ̀ ẹ̀ á yá. General Motors ti dá ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó ra mọ́tò sílẹ̀ láti 1919, kí owó tó kù má bàa di ìdíwọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi PCP lọ̀ níbí, ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ ní Leeds ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́dọọdún ńkọ́? Ọ̀dà tó ń tètè gbẹ jáde, mọ́tò wá lè ní àwọ̀ oríṣiríṣi láìjẹ́ pé ó pẹ́ nílé iṣẹ́. Ní 1927, General Motors dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìrísí àti àwọ̀, wọ́n fi Harley Earl ṣe olórí ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èṣí, àmọ́ àdúgbò á mọ̀ pé ti èṣí lẹ ń wà. Kettering, tó ti di olórí ìwádìí ní General Motors nígbà yẹn, wá kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1929. Àkọlé ẹ̀ ò fi bọpo bọyọ̀: ó ní kí àwọn olówò má ṣe jẹ́ kí oníbàárà ní ìtẹ́lọ́rùn. Lójú tiẹ̀, tí gbogbo èèyàn bá ní ìtẹ́lọ́rùn, ta ló máa ra tuntun, iṣẹ́ wo ló sì máa kù?

Ẹ má bínú sí ọkùnrin náà jù. Ọwọ́ kan ṣe sítátà, ọwọ́ kejì kọ àpilẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ tiẹ̀ lóòótọ́ nínú, torí ká ní ọkàn gbogbo wa balẹ̀ sórí irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, à bá ṣì máa kán lápá títí dòní. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń ta sítátà àti ọ̀dà fún yín. Iṣẹ́ ẹni tó ń rà ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kan wà ní Ìlú Ọba yìí tí wọn ò gbọ́ ti Kettering rárá: àwọn tó ń pín mílíìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí lè rántí mọ́tò mílíìkì, tí kì í pariwo, tí igò á kàn máa dún wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Mọ́tò oníná ni. Ní 1967, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ oníná ní ìlú yìí kéde pé ọkọ̀ oníbátìrì tó wà lójú títì Britain ju ti gbogbo ayé yòókù lápapọ̀ lọ, mọ́tò mílíìkì ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wọn ò yára, wọn ò lè lọ jìnnà. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ wọn: òpópónà kan náà lójoojúmọ́, dúró níbí, dúró lọ́hùn-ún, padà síbi kan náà lọ́sàn-án, gba iná mọ́jú. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ì bá kàn máa jẹ epo lásán níbi tí wọ́n ti ń dúró yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò yẹn ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí bátìrì bá kú, wọ́n á pààrọ̀ bátìrì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó lé wọn kúrò lójú títì kì í ṣe pé mọ́tò náà ò dára mọ́, ìdí tó tóbi jù ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra mílíìkì ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ló tán, mọ́tò ò kọṣẹ́.

Níbí ni mo ti rántí 504 Bàbá wa. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot sílẹ̀ wa, 504 yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Torí náà ni gbogbo mẹkáníìkì fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, tí ẹ̀yà ara ẹ̀ fi wà ní gbogbo ìlú. A wà á títí àwa ọmọ fi wọ iléèwé gíga. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá pé mọ́tò wọn ti di ti èṣí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, Bàbá sì fẹ́ràn àkísà wọn.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sórí oníná. Ní 1996, General Motors yìí kan náà gbé EV1 jáde. Wọn kì í tà á, wọ́n ń fi háyà ni. Bíi 1,117 ni wọ́n ṣe. Nígbà tó di 2003, wọ́n ń gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á, àwọn kan sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta á fáwọn. Wọn ò gbà. Wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn túútúú, wọ́n fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù ní díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ní mọ́tò ló ń pinnu ìgbà tó máa gbó. Tí ẹ bá ń fi owó oṣù wà á, tí kì í ṣe tiyín, ẹlòmíì ló máa bá yín pinnu. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí Bàbá Ìbejì bá ti san £289 yẹn, £13,872 ni o, tí wọ́n bá fẹ́ kí mọ́tò náà di tiwọn, wọ́n ṣì máa san owó ńlá kan sí i. Tí wọn ò bá ní in, kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ Sloan ti délé.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ apá kejì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa wa mọ́tò tó ti gbó títí ayé. Láti 2010 síbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bátìrì mọ́tò kì í ṣe ọ̀dà rárá, sítátà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò kan ṣàpẹẹrẹ, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀ jù nígbà yẹn. Nissan Leaf tó jáde lópin 2010 ní bátìrì 24 kWh. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lé e fún 2011 ni máìlì 73. Nígbà tó fi di 2018, bátìrì 40 kWh ló wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ sì di 151. Ní 2019, èyí tó ní 62 kWh dé 226. Mọ́tò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, láàárín ọdún mẹ́jọ péré, ìrìn ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta! Iye owó bátìrì náà já wálẹ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu: ní 2010, kWh kan lé ní $1,000, ní 2023, ó ti di $139. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn mọ́tò bẹntiróò. Ọkọ̀ bẹntiróò ọdún 2011 àti ti 2019, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn méjèèjì máa gbé yín dé.

Torí náà, mo mú pépà, èmi àti Bàbá Ìbejì pín gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ sọ́nà méjì. Lápá kan a kọ SÍTÁTÀ, lápá kejì a kọ Ọ̀DÀ.

Ojú gíláàsì ńlá tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n: ọ̀dà. Iná tó ń yí àwọ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: ọ̀dà, kò tiẹ̀ fara pamọ́. Nọ́ńbà tó ń sọ ọdún tí wọ́n forúkọ mọ́tò sílẹ̀: ọ̀dà pátápátá, àmọ́ Bàbá Ìbejì jẹ́wọ́ pé òun gan-an ló ń dun àwọn jù níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. A rẹ́rìn-ín títí.

Kí mọ́tò lè lọ York, kó sì bọ̀ nínú òtútù: sítátà. Ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ẹnu cháàjì ńkọ́? Sítátà lèyí náà díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fúnni níná kíákíá tí wọ́n ń gbé sójú ọ̀nà báyìí, ẹnu CCS ni wọ́n ní, àwọn mọ́tò kan tó ti pẹ́ díẹ̀ sì ń lo CHAdeMO. Ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti ń gba iná lóru, kò kàn wọ́n púpọ̀. Owó orí mọ́tò wá ńkọ́? Ó yà wá lẹ́nu pé ti àtijọ́ ló jàre níbẹ̀. Nígbà tí àwọn oníná náà bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní April 2025, iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún yẹn ni £20 fún èyí tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú April 2017, àti £195 fún àwọn tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Ìbejì tún mú ọ̀rọ̀ àyíká wá, wọ́n ní ṣebí tuntun ló dára fún ayé jù. Mo ní èéfín tó wà nínú ṣíṣe bátìrì kì í ṣe kékeré, ti èyí tó wà nílé ti jáde láti 2015, kò lè padà sínú ẹ̀. Tí a bá ṣe òmíràn, èéfín tuntun ni. Mọ́tò oníná tó ti wà láyé, bó ṣe ń pẹ́ lójú títì lówó ẹ̀ àti èéfín ẹ̀ ń pín sórí máìlì tó pọ̀.

Nígbà tá a wo pépà yẹn, ohun kan ṣoṣo ló wà lápá SÍTÁTÀ tó kàn wọ́n ní tòótọ́: bátìrì tó tóbi. Kò sì sí ohun tó sọ pé bátìrì tó tóbi gbọ́dọ̀ jẹ́ tọdún yìí. Ìyá Ìbejì, tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, ló wá là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé àwa la wá ń bẹ̀rù tọ̀kúnbọ̀ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Gbogbo ìwé tí mo kà, mi ò ronú kàn án. Ta ló mọ mọ́tò ọwọ́ kejì tó wa? Ọ̀rọ̀ tá a fi ń pe ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun ni a fi sọ mọ́tò lórúkọ. Ó ti pẹ́ tí etíkun Kùtọnu ti ń gba mọ́tò tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilé wa. Àwa la mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ra tuntun ló máa ń ru ẹrù tó wúwo jù, torí ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ni owó mọ́tò máa ń já jù. Lórí oníná, ó tún le sí i: ní 2023, owó àwọn oníná ọwọ́ kejì já wálẹ̀ gidi ní ìlú yìí. Ohun tó dun ẹni tó tà á, ó dùn mọ́ ẹni tó ń rà á.

Wọ́n rí ọ̀kan, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2019, bátìrì 40 kWh, £7,400. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń ra irú ẹ̀, ẹ má wo ara lásán. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlera bátìrì hàn yín, kí ẹ sì wà á lọ síbi tẹ́ ẹ máa ń lọ gan-an. Wọ́n wà á lọ York, wọ́n wà á bọ̀, ìdajì iná ló ṣì kù. Owó ńkọ́? Àjọ tí wọ́n ń dá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan Bàbá Ìbejì lóṣù yẹn, £4,000. Wọ́n fi £1,400 tó wà nílẹ̀ kún un. Kò sí èlé, kò sí ẹni tó máa gba mọ́tò padà. Owó oògùn Màmá ò yingin.

£2,000 tó kù wá láti ara mọ́tò 2015 yẹn. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n gbé e ránṣẹ́ sílé. Kò lè ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: sítíárìn mọ́tò ìlú yìí wà lápá ọ̀tún, Nàìjíríà sì ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún láti 2 April 1972. Ibí náà ló máa ti ráyè lò. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ilé dé ilé, ló rà á. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju máìlì 20 lọ lóòjọ́, inú Leeds níbẹ̀: dúró níbí, dúró lọ́hùn-ún, padà sílé, gba iná mọ́jú. Nígbà tí Ìyá Ìbejì sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni mọ́tò mílíìkì.

Mọ́tò yẹn ò gbó nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ní ó ti gbó. Iṣẹ́ Bàbá Ìbejì ló ju agbára ẹ̀ lọ. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ju £6,000 lọ nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi. Torí náà, ẹ̀yin tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ "ẹ mú tọwọ́ yín wá" lọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ mú pépà kan, kẹ́ ẹ fa ìlà sáàárín ẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: kí ni tuntun yìí máa ṣe fún mi tí ti àtijọ́ ò lè ṣe? Ẹ kọ ọ́ sápá ibi tó yẹ. Tí apá Ọ̀DÀ bá gùn ju, ẹ mu tíì wọn tán, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ sílé.

Bàbá Ìbejì ṣì ń rántí àwọ̀ mọ́tò tuntun yẹn o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló mú yín pààrọ̀ mọ́tò kẹ́yìn, sítátà ni àbí ọ̀dà? Ẹ sọ òtítọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.